Ẹni Tó Ń Bèèrè Ilé Crisóforo

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
A sin Bàbá Crisóforo lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Iṣẹ́ wọn ti bọ́ sí mi lọ́rùn — Íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo abúlé. Mo tú inú Olùdáhùn wò, kọ̀ǹpútà tó ń sọ ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń gbé fún ẹni tó bá bèèrè. Háà! Gbogbo àdírẹ́sì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà wọlé, ló ń dẹtí sí, títí kan ti ìta gbangba. Àwọn àjèjì ti ń fi ṣiṣẹ́ ibi. Ilé iṣẹ́ tó fún wa ní ìlà ti kìlọ̀: ká tì í, àbí kí wọ́n já wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Mo ti ti ìta. Ó ku ti inú abúlé — àti ọ̀kan tí mi ò mọ̀, tí Bàbá fọwọ́ ara wọn fi kún un. Ẹnì kan ń gbabẹ̀ wọlé. Ìbéèrè kan ṣoṣo, léraléra: ilé Crisóforo dà? Orí mi wú.

Ọjọ́rú, 4
Mo lọ bá Ìyá Otilia, opó wọn. Àgbélébùú ẹfun ṣì wà nílẹ̀ níbi tí a tẹ́ òkú sí.

Wọ́n ní, "Òun náà ni. Ọ̀nà ilé ló ń wá. Macrina ọmọ mi, má ì tì í o. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé àgbélébùú."

Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é níbí. Títí di ọjọ́ kẹsàn-án, tí a máa ń gbé àgbélébùú ẹfun lọ sí ibojì, a kì í ti ohun tí òkú ṣí sílẹ̀. Wọ́n tún bú sẹ́kún nítorí Leobardo, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ré ààlà orílẹ̀-èdè lọ wáṣẹ́ ní Àríwá. Láti ọdún mélòó kan wá, wọn ò gbúròó ẹ̀. "Òun ni ì bá sin bàbá ẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 5
Ó tún bèèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Fulgencio, alága abúlé wa — Ẹlẹ́nu Rírùn ni mo ń pè é níkọ̀kọ̀ — ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Macrina, òkú tún ń lo Íńtánẹ́ẹ̀tì? Bá mi kí i o! A ò mọ ẹni tó ń gbabẹ̀, tì í jàre." Mo ní kó ní sùúrù. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 9
A gbé àgbélébùú, a kó ẹfun lọ sí ibojì. Mo padà wá yọ àdírẹ́sì yẹn kúrò nínú èyí tí Olùdáhùn ń gbọ́. "Bàbá, ó dàárọ̀ o." Mo sunkún. Ara mi fúyẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Ó pa rọ́rọ́.

Ọjọ́rú, 11
Yéè, mo gbé!
Fóònù ọ́fíìsì dún. Ohùn ọkùnrin, láti ọ̀nà jíjìn. Leobardo! Bàbá ẹ̀ ti fi kámẹ́rà kékeré sókè ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí àdírẹ́sì yẹn fún un kó lè máa wo ilé; fóònù ẹ̀ ló ń bèèrè ọ̀nà. Ó ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ìyá ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ṣófo, ojú ń tì í. Ó rí i bí a ṣe ń gbé òkú bàbá ẹ̀ jáde. Ó rí àgbélébùú tó jáde lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn; kò rí ilé, kò rí ìyá ẹ̀ mọ́.
"Ta lẹ tún sin? Ṣé ìyá mi náà ti lọ?"
Mo pariwo pé wọ́n wà, wọ́n wà láàyè! Ìlà ti já. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Nọ́ńbà ò hàn.
Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í.

Ọjọ́bọ̀, 12
Láti àná ni mo ti ṣí i padà. Ìyá Otilia ya irun, wọ́n gbé àga síta, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà òkè ilẹ̀kùn. Ṣáá ni wọ́n ń ránṣẹ́: ṣé ó ti bèèrè?

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó bèèrè.