Páswọ́ọ̀dù Tí O Fi Sílẹ̀ Fún Mi

Ilé Ìtẹ̀wé Ìbísọ́lá,
Òpópónà Jùbílì,
Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Àbúrò mi àtàtà, Ṣẹ́gunfúnmi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Gift ọmọ wa ńkọ́, tí mo máa ń rí eyín rẹ̀ nínú fóònù ṣùgbọ́n tí n kò tíì gbé pọ̀n rí? Ṣé òtútù Kánádà kò tíì máa mú yín? Dáadáa la wà níbí. Òjò ń rọ̀ gan-an, kùrukùru sì ti bo òkè Ọ̀kà láti àárọ̀. Àárò rẹ ló sọ mí tí mo fi mú bíírò. Nusrat, olùkọ́ ní yunifásítì Àkùngbá, ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín fún ìpàdé kan, òun ló máa bá mi mú lẹ́tà yìí dání. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Ẹ̀rọ ti dẹ́rù bà mí.

Ṣé o rántí wáífáì tí o ṣe sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tí o fẹ́ rìnrìn àjò? Orúkọ Mọ́mì àti ọdún tí wọ́n bí wọn lo fi ṣe páswọ́ọ̀dù rẹ̀, Florence1948, o ní kí n má baà gbàgbé. Ta ló máa gbàgbé ìyẹn? Gbogbo ìgbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹ̀yin méjèèjì ṣì wà nítòsí.

Lóṣù tó kọjá, pírǹtà mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ó ti tẹ ogún ewé kí n tó fa wáyà rẹ̀ yọ. Mo pariwo Jésù! Mo ránṣẹ́ pe Ìtùnú, ọmọbìnrin Ọ̀kà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó yẹ wáífáì náà wò, ó ní fóònù mẹ́tàdínlógún ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí pírǹtà mi. Èmi nìkan ni mo sì wà ní ṣọ́ọ̀bù! Ó bi mí ní páswọ́ọ̀dù, mo sọ fún un. Ó fà mí lọ́wọ́ jáde, ó nàka sí ẹnu ọ̀nà. Pósítà ìsìnkú Mọ́mì ṣì wà níbi tí a lẹ̀ ẹ́ sí, orúkọ wọn gàdàgbà, ọdún tí wọ́n bí wọn nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Háà, Àǹtí, ẹ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí gbogbo Ìkàrẹ́ máa kà á!"

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí.

Ó ní kí n yí i padà lójú ẹsẹ̀. Mo kọ̀. Nínú àwọn orúkọ fóònù tí ẹ̀rọ wáífáì náà tọ́jú ni mo ti rí "Fóònù Ṣẹ́gun". Ìtùnú ní tí mo bá yí páswọ́ọ̀dù, fóònù rẹ kò ní lè wọlé fúnra rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí o bá dé. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ti ń rò láti ọdún yìí wá ni pé fóònù rẹ á ti wọlé kí ìwọ gan-an tó kan ilẹ̀kùn. Má sọ fún mi pé o ti ra òmíràn, n kò fẹ́ gbọ́.

Bàbá Caleb, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀bà, ló là mí lójú. Wọ́n wá gba ìwé ilẹ̀ wọn tí mo bá wọn tẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ojú èmi nìkan ló rí i. Ìtùnú sì ti sọ pé ẹni tó bá ti wọlé lè dé ibi tí mo ń kó ìwé àwọn oníbàárà sí. Mo kàn ń to bébà orí tábìlì. Bàbá ká ìwé wọn, wọ́n lọ.

Ọjọ́ náà ni mo pe Ìtùnú padà. A ṣe páswọ́ọ̀dù tuntun tó gùn, tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ya wáífáì tí àwọn oníbàárà á máa lò sọ́tọ̀, ó sì pa gbogbo orúkọ àtijọ́ rẹ́. Tìrẹ bá wọn lọ. Mo sunkún díẹ̀, mo ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Pósítà Mọ́mì kò kúrò níbẹ̀ ṣá.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì gbá Gift mọ́ra fún mi. Bọ̀ọ̀dá Matthew ní Ìfira ní kí n kí ọ, wọ́n ní iṣu tuntun ti jáde.

Nusrat ní kí n kọ páswọ́ọ̀dù tuntun náà sísàlẹ̀ ìwé yìí fún ọ. Mo ní rárá, Ìtùnú ti kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbì kankan. Etí rẹ ni n ó sọ ọ́ sí, Ṣẹ́gun. Wá gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
Ìbísọ́lá.