Ìyá Wa Tó Gbé Tábìlì Wọn Sẹ́nu Ọ̀nà

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1960 ni wọ́n bí ìyá wa, nínú ilé oníyàrá méjì tó fara ti ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Bàbá wọn ń tún aago ṣe. Ìyá wọn ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn. Òórùn ọṣẹ àti omi gbígbóná ni afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fà símú, ó sì wà lára wọn títí ayé. Àwọn ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Ìran tí wọ́n ti wá kò lówó, kò sì jẹ oyè, ṣùgbọ́n wọn kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀.

Ní ọdún 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1978, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. A kò ní pa irọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn: ní 1981, ìyá wa fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti bi aláìsàn kan léèrè ohun tó ń ṣe é. Àkókò pé, aláìsàn dìde, ìyá wa sì tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ṣì ń bi í léèrè. Olùdánwò ní, “Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o máa sìn ín délé ni?” Òdo ló fún wọn. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì, wọ́n yege, wọ́n sì gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí ìyá wọn ti ń fọ aṣọ.

Ní ọdún 1986, wọ́n fẹ́ bàbá wa, tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Bàbá wa máa ń sọ pé odindi ọdún kan lòun fi ń wá ohun tí òun máa bá nọ́ọ̀sì yìí sọ. Bí òun bá ti gbé aláìsàn kalẹ̀, òun á gba ìwé, òun á kí i, òun á yí padà. Lọ́jọ́ kan ni òun di ilẹ̀kùn mú, tí ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu òun: “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ti lọ́kọ ni?” Ìyá wa kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ẹ padà wá jókòó.” Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1998 ni wọ́n di nọ́ọ̀sì àgbà ní ẹ̀ka tí àwọn aláìsàn ti ń wá rí dókítà, tí wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé tábìlì wọn kúrò nínú yàrá, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dókítà. Wọ́n ní aláìsàn máa ń sọ ikọ́ tó ń wú fún dókítà lórí àga, àmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an, ó dìgbà tó bá dìde tó mú fìlà. Obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ bínú sí tábìlì náà. “Màmá, ó ń dí gbogbo ayé lọ́nà!” Ìyá wa ní, “Ẹ fọ ilẹ̀ yí i ká.” Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Màmá Ẹnu Ọ̀nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ilé ìwòsàn ra ẹ̀rọ tó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Kò tóbi ju ìdérí ike ìpara lọ. Orí tábìlì dókítà ló máa ń wà, á gbọ́ ohun tí dókítà àti aláìsàn bá sọ, á sì kọ ọ́ sínú fáìlì kí dókítà kà á, kó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ni gbogbo wọn ń pè é. Àkọ́bí ìyá wa, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ti di dókítà ní ẹ̀ka kan náà nígbà náà, ìwé kíkọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò, kì í rójú aláìsàn. Nígbà tí Akọ̀wé dé, ó di ènìyàn padà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì yẹ àwọn aláìsàn wò. Inú ìyá wa dùn gan-an.

Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, bíríkìlà kan wá nítorí ikọ́. Ẹ̀gbọ́n wa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó kọ oògùn fún un, ó ní ó dàbọ̀. Bí Akọ̀wé bá ti gbọ́ “ó dàbọ̀”, á pa ìwé dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Ìwé náà mọ́ tónítóní, ẹ̀gbọ́n wa fọwọ́ sí i, ó yíjú sí fáìlì tó kàn. Ẹnu ọ̀nà ni bíríkìlà ti sọ fún ìyá wa pé, “Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ò tó nǹkan o. Láti àná ni irin iṣẹ́ ti ń já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ẹnu mi náà wọ́ díẹ̀ láàárọ̀, àmọ́ ó ti padà sípò.”

“Ẹ padà wá jókòó.”

“Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń dúró dè mí.”

“Bíríkì á dúró dè yín. Ẹ̀jẹ̀ inú orí ò mọ ìdúró.”

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.

Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wa mú ìwé tí wọ́n ń kọ àṣìṣe sí, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: àkókò, ohun tí Akọ̀wé kọ, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n wa bẹ̀ wọ́n. “Mọ́mì, ṣebí ọkùnrin náà ti yè? Iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi yẹn.” Ìyá wa ní, “Ó yè nítorí pé mo jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá lọ jẹun ńkọ́?”

Àwọn aláṣẹ pe ìpàdé. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n wa ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì ní àwọn á dá Akọ̀wé padà fún àwọn tó tà á. Ìyá wa ló dìde. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kò ṣe ju ohun tí a rán an lọ, àwa tí a rò pé aláìsàn ti parí ọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá dìde la ṣàṣìṣe. Wọ́n ní kó máa gbọ́ títí ilẹ̀kùn á fi pa dé, kó má sì jẹ́ kí dókítà fọwọ́ sí ìwé láìdáhùn ìbéèrè kan: kí ni aláìsàn sọ lẹ́nu ọ̀nà? Aláìsàn tí kò bá fẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Àwọn aláṣẹ gbà. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì fi jókòó ti tábìlì ìyá wa, tí wọ́n ń kọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa kò wá sílé mọ́. Bó bá kọjá lára tábìlì náà, á ní, “Ẹ káàárọ̀, Nọ́ọ̀sì.” Ìyá wa á dáhùn pé, “Ẹ káàárọ̀, Dókítà.” Oṣù méjì ni wọ́n fi kí ara wọn báyìí, bàbá wa kò sì lè jẹun tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, abiyamọ kan ti kí ẹ̀gbọ́n wa pé ó dàbọ̀, ó ti pọn ọmọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rọra sọ pé òun kì í fẹ́ dá wà pẹ̀lú ọmọ náà nínú ilé, nítorí ohun tó ń wá sí òun lọ́kàn. Ìyá wa gbọ́. Wọ́n ti fẹ́ dìde, àmọ́ wọ́n mú sùúrù. Ìbéèrè Akọ̀wé jáde lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n wa sì fi àga sílẹ̀, ó di abiyamọ náà lọ́wọ́ mú, ó mú un padà wọlé. Wákàtí kan ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Wọ́n rí ìtọ́jú tó yẹ fún un. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa jáde, ó dúró níwájú tábìlì ìyá wa, ó ń fi ìka fa etí tábìlì. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun?” Ìyá wa sọ fún wa pé àwọn ti jẹun yó, àmọ́ àwọn ní rárá.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2024. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń lọ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe lè bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ láìgbé etí tiwọn fún un. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, àdúrà wọn kì í sì í gùn. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í ṣe adití.

Ìyá wa sùn nínú Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé lọ, àti àbúrò mẹ́rin, ọmọ mẹ́ta: dókítà, télọ̀, àti abígbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ ọmọ márùn-ún.

Nígbà tí a ń kọ ìwé yìí, àwọn ẹbí kan ní kí a yọ ọ̀rọ̀ ìwé ìkìlọ̀ kúrò, pé a kì í fi irú rẹ̀ síbi ìsìnkú. Dókítà wa ló ní rárá. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí mi lẹ́ẹ̀kejì.”

Ìyá wa, a ti kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ sinmi. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ sùn re o.