Ìka Bàbá Tó Tutù

Màámi,

Ẹ kú àdúrà orí wa. Ara mi le koko, mo tiẹ̀ ti ń sanra. Wọ́n ti gbé mi kúrò níbi tí a ti ń ki rọ́bà bọ ọ̀fun àwọn tó ní àrùn ọkàn láti yẹ ọkàn wọn wò nílé ìwòsàn wa. Rọ́bà yẹn ni mò ń fọ̀ báyìí. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, ẹ má dààmú.

Bàbá kan ni a fún lábẹ́rẹ́ oorun lọ́jọ́sí, nígbà tí mo ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń ṣọ́ èémí wọn. Ẹ̀rọ tí a fi há wọn níka, tó ń sọ bóyá afẹ́fẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ń ké ṣáá. Mo ní ìka tó tutù ló fà á, bó ṣe máa ń rí, mo wá ń gbé e láti ìka dé ìka. Dókítà ló pariwo pé ètè bàbá ti ń dúdú.

Ọpẹ́ ni pé bàbá jí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, o ṣeun, o ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.” Mi ò lè gbójú sókè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi mí yangàn láàárín ẹbí. Ẹ bá mi kí Bàámi. Tí ẹ bá mú wọn lọ fún àyẹ̀wò ọkàn tiwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ bá mi bẹ nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kó máa wo ojú àti ètè wọn.

Ọmọ yín ni.