Alàájì Ràímì Ọláyíwọlá àti Àwo Kejìdínlógójì

Ilé Ahunṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Alàájì Ràímì Ọláyíwọlá ní ọdún 1944. Àmúsà, tí ń hun òfì, ni bàbá wọn. Nímọ́tà ni ìyá wọn. Wọ́n ṣe wòlímọ̀ ní 1957, wọ́n sì parí ìwé mẹ́fà ní 1959.

Ní 1962, wọ́n wá sí Èkó láti kọ́ṣẹ́ títún rédíò ṣe. Wọ́n gbé Sìdíkátù níyàwó ní 1973, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Ìkòtún ní 1985. Ẹni tó bá gbé giramafóònù wá tún ṣe níbẹ̀ a máa fi àwo àtijọ́ ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 2007, Rashidat ọmọ wọn mú wọn lọ sí kàfé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì fi íńtánẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ ìtàn àwo iléeṣẹ́ Àgbìgbò síbẹ̀: ọgọ́ta àwo wákà tí iléeṣẹ́ náà gbà sílẹ̀ láàárín 1954 sí 1958. Wọ́n ń tò wọ́n ní nọ́ńbà-ní-nọ́ńbà, ẹni tó lé orin, àwọn tó gbè é, àti ọdún rẹ̀.

Ní 2010, tíṣà kan ní Dopemu, Olúgbénga, ṣí ojú ìwé tirẹ̀ lórí àwo kan náà. Tirẹ̀ ní àwòrán, àwọn èèyàn òkè òkun sì ń kí i. Alàájì bẹ̀rẹ̀ sí jowú bí ìyálé tí wọ́n gbé ìyàwó wá bá. Àràárọ̀ ni wọ́n ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bó bá ṣe àṣìṣe, wọn a pe gbogbo ilé: "Ẹ wá wò ó! 1955 ló kọ, 1956 ni!" Bí kò bá sí àṣìṣe, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn.

Nọ́ńbà 38 ṣófo lójú ìwé àwọn méjèèjì. Àwo ọ̀hún sì rèé, nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Alàájì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí Olúgbénga má baà rí i dà kọ.

Ní 2012, Olúgbénga kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá 38. Ìyá mi wà lára àwọn tó kọrin inú rẹ̀, ìyá náà sì ti ń darúgbó."

Alàájì kà á sétí gbogbo ilé, wọ́n ní, "Kó máa wá a lọ."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí Màmá Sìdíkátù, ìyàwó wọn, tó rí àwo náà níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Rashidat, àwo tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, kí lẹ tọ́jú ẹ̀ fún? Ìyá onítọ̀hún á kú o!"

Lọ́jọ́ kẹrin rẹ̀, Alàájì fi ìró Màmá wé àwo náà bí ọmọ tuntun, wọ́n gbé giramafóònù kékeré dání, ó di Dopemu.

"Ọwọ́ mi ló ti wà látọjọ́ yìí," ni wọ́n wí fún Olúgbénga. "Ìlara ni kò jẹ́ kí n mú un wá."

Olúgbénga fa àga fún wọn.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àtọ́kẹ́, tẹ́tí sí orin náà láìmira. Bó ti parí ni wọ́n fi ìbínú sọ̀rọ̀: "Èmi kọ́ ni mo lé e o! Tòún ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí, bẹ́ẹ̀ ohùn mi dára ju tiẹ̀ lọ fíìfíì!"

Tòún ti kú láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Alàájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Màmá," ni wọ́n wí, "àárẹ̀ kan náà ló ń ṣe wá."

Bí wọ́n ṣe kọ 38 sójú ìwé nìyẹn: Tòún lé e, Àtọ́kẹ́ gbè é. Màmá Àtọ́kẹ́ gbọ́ orin náà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ní 2014, àwọn ọkùnrin méjèèjì pa ojú ìwé wọn pọ̀. Síbẹ̀ Alàájì takú pé orúkọ tàwọn ni yóò ṣáájú, pé àgbà làgbà ń jẹ́.

Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Wọ́n jẹ Adínì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ ìpèrun ṣe. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 2017. Àwọn fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ ìlara yìí síbí, kí a má bò ó.

Wọ́n fi Màmá Sìdíkátù sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú Rashidat, Zikrullah àti Hamdalah, àti ọmọ-ọmọ méje. Olúgbénga náà wà láàárín wa lónìí, ó ń sunkún bí ọmọ.

Ẹ sùn re, Bàbá. Kí Allah fẹ ibojì yín lójú, kó dárí ohun tí ẹ fẹnu ara yín jẹ́wọ́ jì yín, kó sì fi àlùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ yín. Àmín.