Ìkíni Tí N Kò Gbọ́

Fìdítì, Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá, 1992

Mo fẹsẹ̀ rìn dé oko lónìí, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí mo ti jókòó sílé.

Etí mi tó ń di ló fà á. Àwọn èèyàn a máa kí mi láti ẹ̀yìn, n kò ní í gbọ́, ni wọ́n bá ń sọ pé tíṣà ti di agbéraga. Ìtìjú yẹn ni mo fi jókòó títí orúnkún mi fi gan.

Ìyá Bọ́lá tó ń ta ọsàn létí títì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó rí mi. Mo lọ bá a.

"Ẹ kú òwúrọ̀, Ìyá Bọ́lá. Ẹ má bínú, etí mi ni kò gbọ́ràn dáadáa mọ́."

Ó dìde, ó sún mọ́ etí mi ọ̀tún. "Tíṣà, mo ṣe bí ẹ̀ ń bá mi jà ni."

Mo dágbére fún un, mo sì forí lé ọ̀nà oko.

Orúnkún ń ro mí gan-an báyìí. Síbẹ̀, n óò lọ lọ́la. Ẹnikẹ́ni tí mo bá pàdé, èmi ni n óò kọ́kọ́ kí i, n óò sì máa wo ẹnu rẹ̀ bó bá ń dáhùn.