Jẹ́nẹ́rà Lọ sí Umuahia

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Jẹ́nẹ́rà da ọbẹ̀ mi nù lónìí. Kò fi ìbínú dà á — ìyẹn ì bá sàn. Ó dìde, ó gbé àwo, ó rọra rìn dé ojú gọ́tà iwájú ilé, ó dà á síbẹ̀ lójú gbogbo aládùúgbò. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo òfìfo padà fún mi bí ẹni tó ń dúpẹ́. "Fáwúsíyà, lójú ogun, ajá wa kì í jẹ irú èyí."

Ìwé yìí nìkan ló mọ̀ pé Jẹ́nẹ́rà ni mò ń pe bàbá ọkọ mi. Lójú rẹ̀, "Bàbá" ni mò ń pè é, orúnkún mi á sì kan ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti Ìsẹ́yìn wá bá wa gbé ní Ekurede, ní Warri, lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, kò sí oúnjẹ tí mo sè tí kò ní àbùkù. Kò sí àlejò tó wọlé tí kò ní sọ fún pé ọmọ kan péré ni mo bí, obìnrin sì ni.

Ọmọ kan náà yìí, Ràódàt, ló tún fẹ́ràn jù láyé. Bó bá ti ilé ìwé dé, ẹsẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ló ń lọ jókòó sí. Ìtàn kan náà ṣáá: bó ṣe wa táńkì nígbà ogun Biafra, bó ṣe fi ya igbó kọjá, tí ilẹ̀ ń mì, tí ọ̀tá ń sá bí ewúrẹ́. Ọmọ tó jẹ́ pé pidgin ló fi ń dá mi lóhùn, ó ń mu Yorùbá Ọ̀yọ́ ọkùnrin yẹn bí omi.

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Abdulhameed ti ibi iṣẹ́ ní Pọ́ọ̀tù dé, kò jẹun. Ọkọ mi kì í kọ oúnjẹ, mo mọ̀ pé nǹkan wà. Ó ní bàbá òun ti pàṣẹ kí òun fẹ́ ìyàwó míì, ẹni tí yóò bí ọkùnrin. Ó ní òun kò fẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kọ̀ fún Bàbá? Ẹni tó wa táńkì nínú iná!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Èmi ni mo tún ń tù ú nínú.

Ó ti lé lógójì ọdún. Kọ́ńtéńà ló ń gbà jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn awakọ̀ tírélà ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá wúkọ́, á dìde dúró.

Táńkì. Táńkì yẹn ló ń gùn wá nínú ilé yìí.

Jímọ́ọ̀, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló gbọ́ mi tàbí èṣù.

Màmá Mutalib, tó ń ta ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ aṣọ mi, ará Ìsẹ́yìn ni. Sójà ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Mo kàn ń ráhùn ni. Mo ní kí ló dé tí ẹni tó wa táńkì kò láàánú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. "Táńkì wo? Láwàl? Kúùkù ni o! Òun ló ń se ẹ̀wà fún ọkọ mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò gun kẹ̀kẹ́ ológeere rí, áḿbọ̀sì kó wa táńkì."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi wálé, mò ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n bí àdúrà. Kúùkù. Kúùkù.

Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mùsíọ̀mù ogun kan wà ní Umuahia. Mo sọ ọ́ létí Ràódàt bí ẹni pé kò kàn mí — pé wọ́n kó bàálù ogun àti táńkì àtijọ́ síbẹ̀, pé bóyá èyí tí Grandpa wà gan-an wà níbẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi sáré lọ bá a.

Jẹ́nẹ́rà ní ọ̀nà kò dára. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ó ní òjò. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro: "Grandpa, you dey fear?"

Ó ní a ó lọ.

Ìṣẹ́gun, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mò ń wo fídíò táńkì lórí fóònù nínú ìsọ̀, àwọn oníbàárà rò pé fíìmù ni. Mo ti mọ ohun tí n ó bi Jẹ́nẹ́rà.

Àbámẹ́ta, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Jẹ́nẹ́rà ń wúkọ́ láti àná. Ó bẹ Abdulhameed kí a sún ìrìnàjò yẹn síwájú. Mo ní rárá, Bàbá, Ràódàt ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀. Mo ra fìlà tuntun fún un pé kó fi ya fọ́tò. Ó ní, "O ṣeun." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn.

Kò dùn mí. Mò ń retí kó dùn mí, kò dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Òkítóbà. Owerri, ní hòtẹ́ẹ̀lì, láàárọ̀

Kí n kọ ọ́ kó tó tutù.

Ìdájí àná la kúrò ní Warri, ọjọ́ òmìnira, kò sí iṣẹ́. Láti orí afárá Onitsha ni Jẹ́nẹ́rà ti fa fìlà bojú. Nígbà tí a wọ mùsíọ̀mù náà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ti wà níbẹ̀. Àwọn bàálù ogun dúró lórí koríko bí adìyẹ tí òjò pa, ọ̀dà ń bó lára wọn. Kékeré ni wọ́n. Mo rò pé wọ́n á tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ràódàt ń sáré láti abẹ́ ìyẹ́ kan sí òmíràn.

Jẹ́nẹ́rà dúró níwájú ọ̀kan. Ó wò ó. Lójijì ó fọwọ́ bo orí, ó sì fà sẹ́yìn, bí ẹni pé nǹkan ń já bọ́ láti òkè. Mo rí i. Inú mi dùn pé ẹ̀rù ń bà á.

A dé ìdí táńkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú àlejò káàkiri ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ràódàt pariwo: "My grandpa drive this thing for war!" Gbogbo wọn yíjú sí wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹrí ba fún un, ó pè é ní sà. Mo yọ fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò.

Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ìjókòó yín han ọmọ yín."

Ó fọwọ́ kan irin náà, ó yọ ọwọ́ bí ẹni tó kan iná. Ó nàka sí ìdérí tó wà lókè pátápátá. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rọra ní, "Sir, na commander dey that side. Driver dey for front." Jẹ́nẹ́rà ní ó ti pẹ́. Ẹnikẹ́ni ì bá ti gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Kò burú. Ẹ kàn fi hàn wá bí ẹ ṣe máa ń yí i."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sítíarì nínú afẹ́fẹ́ bí awakọ̀ lọ́rì. Ràódàt pàtẹ́wọ́.

Ohun tí mò ń dúró dè nìyẹn.

"Bàbá, irú táńkì yìí kò ní sítíarì o. Irin méjì ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àbí irọ́ ni?" Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ó wolẹ̀. "Yes ma. Na two lever."

Mo ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ìkòkò lẹ ń rò nígbà tí àwọn yòókù ń jagun? Màmá Mutalib ní ẹ̀wà yín dùn." Mo wá sọ ọ́ ní pidgin kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: "Na cook e be! Na beans e dey cook for army!"

Ẹ̀rín. Ọmọdé kan kí i bí sójà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ro ìkòkò. Mo ti ń bẹ̀rù pé Abdulhameed á gbá mi létí. Òun ló rẹ́rìn-ín jù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin táńkì mú, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i láyé.

Ọwọ́ Jẹ́nẹ́rà ṣì wà lókè. Ó ṣì di sítíarì tí kò sí níbẹ̀ mú.

"Grandpa, na lie?"

Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí a dé hòtẹ́ẹ̀lì, mo fi fídíò náà sórí Wásáàpù ẹbí. Láti Ìsẹ́yìn dé Èkó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pè é ní Kọ́múńdà Ẹ̀wà. Maimunah, ẹ̀gbọ́n Abdulhameed, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé, "Fáwúsíyà, bàbá wa ni o." Mo pa fóònù. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Àbámẹ́ta, 4 Òkítóbà

Jẹ́nẹ́rà jẹ ọbẹ̀ mi tán. Ó fọ àwo fúnra rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó pe Ràódàt kó wá gbọ́ ìtàn. Ọmọ náà kò gbé ojú kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n. "Grandpa, go tell am for kitchen."

Ó yẹ kí n gbá a lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 7 Òkítóbà

Abdulhameed kò dìde mọ́ bí bàbá rẹ̀ bá wọlé. Lónìí ó jágbe mọ́ ọn nítorí omi tó dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí sítọ̀ ẹ̀yìnkùlé, pé òun fẹ́ lo yàrá yẹn. Ọkùnrin náà kó o. Ó ń gbé e díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi lójú ọ̀nà.

Mo bi ọkọ mi pé kí ló fẹ́ fi yàrá ṣe. Ó ní, "Wàá mọ̀."

Láti ìgbà tí a ti ti Umuahia dé, kò tún dárúkọ ìyàwó kejì. Mo ti borí.

Jímọ́ọ̀, 10 Òkítóbà

Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún Jẹ́nẹ́rà ní sítọ̀. Ó ní, "Jókòó." Kò ní kí n jókòó rí.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ràn rẹ, Fáwúsíyà. Ẹnu rẹ mú, ata ọbẹ̀ rẹ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èmi ni bàbá rẹ fà ọ́ lé lọ́wọ́ ní mọ́sálásí Ìsẹ́yìn, èmi ni mo sì ṣèlérí."

Ó ní obìnrin kan wà ní Ekete, lẹ́bàá Warri. Cynthia. Ó ti bímọ fún Abdulhameed, ọkùnrin, ọmọ náà ti ń rìn. Nígbà Iléyá ni Abdulhameed wá kúnlẹ̀ bẹ òun pé kí òun jẹ́ kó mú wọn wálé. "Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà nínú ilé yìí, kò ní ṣẹlẹ̀. Ó bẹ̀ mí títí. Mo kọ̀."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀yin gan-an lẹ ní kó fẹ́ ìyàwó.

Ó wò mí. "Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Ó mu ẹ̀kọ díẹ̀. "Irọ́ táńkì nìkan ni mo pa. Kúùkù ni mí lóòótọ́. Àwọn tó ń wà á, èmi ni mò ń bu oúnjẹ fún wọn láàárọ̀. Ọmọdé ni wọ́n. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ á ṣẹ́kù. Ìtàn wọn ni mò ń sọ fún ọmọ yìí, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó tún kọ̀. Ó ní ta ni yóò gbọ́? Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní òun á gbìyànjú.

Àìkú, 12 Òkítóbà

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Bàbá wọ pálọ̀. Mo pè é ní Bàbá níbí, ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀.

Ó dúró ṣánṣán. Ó ní, "Abdulhameed, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà Iléyá kò tíì yí padà. Obìnrin yẹn kò ní wọ ibí."

Ọkọ mi kò dìde. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sórí tábìlì.

Ohùn mi ni. "Ṣé kì í ṣe ìkòkò lẹ ń rò?" Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín. Mi ò mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nínú fídíò yẹn, kò tíì sí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín, èmi ti ń rín.

Ó jẹ́ kó lọ dópin. Ó tún un tẹ̀.

"Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, Bàbá?"

Láti ọ̀nà yàrá, Ràódàt bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí mi, ó dúró díẹ̀, bóyá mo lọ́rọ̀ láti sọ. Mo ń wo fóònù orí tábìlì. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ọjọ́rú, 15 Òkítóbà

Maimunah wá mú Bàbá lọ sí Ìsẹ́yìn. Kò kí mi. Bàbá fọwọ́ lé Ràódàt lórí, ó ń ṣàdúrà fún un. Ọmọ náà ń tẹ fóònù, kò gbójú sókè.

Àbámẹ́ta, 18 Òkítóbà

Cynthia dé lọ́sàn-án. Mo ti gbàdúrà kó má rẹwà. Ó rẹwà.

Ọmọ wà ní ìbàdí rẹ̀. Iwájú orí Bàbá ló jogún, láìkù síbì kan. Ó kí mi: "Senior, well done o." Ó wá rántí, ó gbìyànjú: "Ẹ kú ilé, mà." Wọ́n ti kọ́ ọ.

Ràódàt gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó na ọwọ́, ó gba ọmọkùnrin náà mọ́ra. "Come, make I show you your room." Ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Ó pẹ́ tí mo ti rí ọmọ mi tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Abdulhameed wà lẹ́yìn wọn, ó gbé bẹ́ẹ̀dì lé èjìká, ó ń làágùn.

Ó ní, "Ìyá Ràódàt, o dí wa lọ́nà."

Mo sún.