Àgbo Ẹja

Àbíkẹ́ àbúrò mi,

"Láti Ọ̀yọ́ dé Ìkòyí-Ilé, kò sí àgbo orúnkún tó tó èyí." Báyìí ni Àlàájì Nùrẹ́nì, aládùúgbò wa, ṣe kéde láàárọ̀ yìí. Ìyá wa ń kí ọ. Ara wọn le. Mo se èso pánṣẹ́kẹ́ gbígbẹ bí o ṣe ní kí n ṣe, mo kó o sínú omi àpótí gíláàsì tí ẹja rẹ ń gbé, ẹja tó ń kú lọ náà sì ti ń jẹun. Omi tí mo fi sè é ni Àlàájì bá lórí àdògán, ló bá bu ife méjì mu. Mo ní ti ẹja ni. Ó ní, "Tíṣà, ohun tó wo ẹja sàn, ṣé orúnkún ló máa ṣòro fún un?" Ìgò ló fẹ́ gbé wá lọ́la, èso mẹ́rin péré ló sì kù fún ẹja. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí i pé kì í ṣe àgbo orúnkún. Ó gba ẹ̀yin ará òkè òkun gbọ́ ju tíṣà bíi tèmi lọ. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rinjú láyọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ, Oyèdèjì, ló ń bi ọ́: ẹja wo ló ní orúnkún?